Ṣé Sienna wa lè gun òkè Mambilla dé Gembu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjíníà. Ìjerò-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Gembu, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Bàbá rẹ̀ ní àwa náà á lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ rẹ̀, pé Sienna 2004 wa la ó gbé lọ. Ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní òun náà ń bá wa lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ọkọ̀ yìí á lè gun òkè náà? Àwọn kan sọ pé èémí kì í tó èèyàn níbi tó ga bẹ́ẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Ọmọ mi sì ń sọ pé ká tibẹ̀ gbé ọkọ̀ dé Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Bí ara ọkọ̀ náà bá le, á gùn ún. Sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Orí òkè Mambilla ga tó nǹkan bí mítà 1,600 ju ìpele òkun lọ. Adó-Èkìtì tí a ń pè ní ìlú olókè kò ju nǹkan bí mítà 450 lọ. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, ẹ́ńjìnì sì nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè jó epo. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì) máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní agbára 100 létí òkun, nǹkan bí 85 ló máa kù fún un ní Gembu. Sienna yín ní ẹ́ńjìnì olójú mẹ́fà, agbára tó kù yẹn tó o. Ohun tí bàbá wọn máa rí ni pé ọkọ̀ á máa lọ́ra, jíà á sì máa pààrọ̀ ara rẹ̀ léraléra. Kí wọ́n má bá a jà. Láyé 504 oníkabúrétọ̀, èéfín dúdú á máa jáde nítorí pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, mẹkáníìkì á sì ní láti tún un tò. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀ báyìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti tú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sọnù.

Ooru ló lè dá yín dúró níbi gígùn. Omi tó ń hó ní ìwọ̀n ooru 100 (ti Celsius) létí òkun, nǹkan bí 95 ló ti máa hó ní Gembu (ìdí nìyí tí ẹ̀wà á fi pẹ́ lórí iná lọ́hùn-ún). Ìdérí rédíétọ̀ ló ń ti omi mọ́nú kó má tètè hó. Bí rọ́bà ìdérí yẹn bá ti jẹ, tàbí tí ẹ fi ọ̀rá wé e bí mo ṣe ń rí i lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ ra tuntun, kì í wọ́n. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ lásán sínú rẹ̀, kúláǹtì ni kí ẹ lò. Ẹ wo bélíìtì àti fáànù. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Bí ọwọ́ tó ń fi ooru hàn bá ń gòkè lọ, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí yẹn títí tí yóò fi tutù dáadáa.

Ó wá ku sísọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn Mayo Selbe ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọ̀nà á máa lọ́ bí ejò, ọ̀gbun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀nà yìí kan náà lẹ máa gbà padà. Ọkọ̀ yín pẹ̀lú èèyàn márùn-ún àti ẹrù lè wọn tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1,000 tó sì jẹ́ bíréèkì nìkan ló ń dá a dúró, ooru tó máa wọ inú bíréèkì yẹn tó èyí tó lè sè omi kẹ́ẹ̀gì onílítà ogún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin títí á fi hó. Irin bíréèkì á pọ́n, páàdì kò ní lè di nǹkan mú mọ́, ọ́ìlì bíréèkì á hó. Tí ọ́ìlì yẹn bá ti hó, ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á wọlé títí dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró.

Ẹlòmíì ò mọ̀ pé ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, kì í hó nígbà tó bá jẹ́ tuntun títí ooru á fi tó 205. Bó bá ti mu omi yó, 140 ti pọ̀ jù fún un. DOT 4 sàn jù ú lọ, 230 nígbà tó jẹ́ tuntun, 155 nígbà tó bá ti gbó. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bi bàbá wọn ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ tiwọn gbẹ̀yìn. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "a máa ń bù kún un", ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ bu DOT 4 tuntun sí i, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dáadáa.

Ẹ́ńjìnì ni kí wọ́n fi dá ọkọ̀ dúró. Kí wọ́n tó débi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí wọ́n ti fa jíà kúrò ní D, kí wọ́n mú un wá sí 3 tàbí 2, ibi tó bá burú jù kó di L. Ẹ́ńjìnì á ké, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Bíréèkì wá di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ọkọ̀ rọ̀, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò kó lè tutù. Àwọn awakọ̀ wa kan máa ń fi jíà sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo. Irọ́ ni. Nínú ọkọ̀ ayé òde òní, tí jíà bá wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò sí lórí epo, kọ̀ǹpútà á gé epo pátápátá. Fíríì gan-an ló ń jẹ epo, torí ẹ́ńjìnì ní láti máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tún wá pa iná ọkọ̀ nídìí ṣíṣọ́ epo, bíréèkì á le koránkorán, ọwọ́ sítíárì á wúwo. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìyá yín.

Ọmọ Èkìtì kete ni yín, ibi ìdánwò kò jìnnà. Kí bàbá wọn kó èèyàn àti ẹrù tó bá ti ìrìn àjò náà dọ́gba sínú ọkọ̀, kí wọ́n gba Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú jíà 2. Nísàlẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n rìn yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ṣé òórùn nǹkan tó ń jó ń jáde? Ṣé ẹsẹ̀ bíréèkì ti rọ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ? Ṣé ọkọ̀ ń fà sápá kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́? Ìkankan nínú wọn bá wáyé ní Ẹ̀fọ̀n, kò sí ìdí láti gbé ọkọ̀ náà lọ sí Mambilla, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ibẹ̀ gùn ju ti wa lọ fíìfíì. Ẹ fi Sienna sílẹ̀ ní Jalingo níbi tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kí ẹ wọ ọkọ̀ àwọn tó ń ná ọ̀nà Gembu. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń gbé ìyá àgbà, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn kódà bí ọkọ̀ bá yege.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ tó ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjà Adó. Tí ẹ bá dé òkè tí ẹ rí i pé táyà ti le díẹ̀ sí i, ẹ má tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ má di ẹrù sórí ọkọ̀, ó ń jẹ́ kó fẹ́ dojú dé níbi kọ́nà. Ẹ to èyí tó wúwo sísàlẹ̀, kó sún mọ́ iwájú, torí táyà iwájú ló ń fa Sienna, tí ẹ̀yìn bá wúwo jù nígbà tí ẹ ń gòkè, táyà iwájú á máa yí lásán lórí ẹrẹ̀. Ó dára pé Kérésì ni ẹ fẹ́ lọ. Òjò ti lọ nígbà náà, ẹrẹ̀ ti gbẹ. Ìkùukùu àti ẹrẹ̀ ìgbà òjò ni ì bá bà mí lẹ́rù jù.

Ní ti ọ̀nà, ẹ jáde ní kùtùkùtù, ẹ gba Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò bọ́ sí Kàbà, kí ẹ wá já sí Lọ́kọ́jà. Láti ibẹ̀ ẹ ó gba Àbújá lọ sí Lafia, ẹ ó ré odò Benue kọjá ní Makurdi, lẹ́yìn náà Katsina-Ala, Wukari, Jalingo. Àwọn mìíràn máa ń yí gba Jos, Bauchi, Gombe àti Numan wọ Jalingo. Ó jìn jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà Katsina-Ala sí Wukari ti rí ìjà àti ìjínigbé tó pọ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Afárá Namnai, láàárín Wukari àti Jalingo, wó ní 2024. Nítorí náà, kì í ṣe èmi ni kí ẹ jẹ́ kó yan ọ̀nà fún yín. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà yẹn ní páàkì, ẹ má béèrè lọ́wọ́ agbèrò tó fẹ́ gba owó yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ kà á sí: ẹ sùn ní Àbújá tàbí Lafia, ẹ sùn ní Jalingo, ọjọ́ kẹta kẹ́ ẹ gba Bali àti Serti gun òkè. Ẹ kúrò ní Jalingo láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn má wọ̀ bá yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí ẹ ò tíì kọjá Serti, ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ kún táńkì ní Jalingo, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú ọkọ̀ pẹ̀lú èèyàn. Ẹ mú owó lọ́wọ́ àti ìwé ọkọ̀ tó pé, fọ́ọ̀nù á sì máa dákẹ́ níbòmíràn lójú ọ̀nà, kí ọmọ yín má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọ̀rọ̀ èémí ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá ìyá yín lọ́kàn balẹ̀. Àìsàn tí òkè gíga ń fà, orí fífọ́, èébì, àìrí oorun sùn, láti nǹkan bíi mítà 2,500 lókè ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Gembu kò súnmọ́ ibẹ̀. Wọ́n lè mí kíákíá díẹ̀ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí á dí nígbà tí ẹ bá ń gòkè, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì tàbí kí wọ́n jẹ gọ́ọ̀mù. Òtútù gan-an ni kí ẹ múra fún. Ooru máa ń dínkù ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà fún mítà 1,000 tí a bá gòkè, ọyẹ́ Oṣù Kejìlá á wá tún kún un. Òtútù máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ga sí i, nítorí náà kí dókítà wọn yẹ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ tó gbéra, kí oògùn wọn pọ̀ ju iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ, kó sì wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú bùútù. Lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Ìjókòó pípẹ́ lójú kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè: bí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, gbogbo wọn ló lè dá ìrora sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó má gbéra láìrí dókítà rẹ̀.

Ní ti Chappal Waddi, ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀. Mítà 2,419 ni gíga rẹ̀, ó wà lẹ́bàá ààlà Cameroon nínú ọgbà Gashaka-Gumti, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà. Serti ni ọ́fíìsì àgbà ọgbà náà wà, níbi tí ẹ ó kọjá. Kí ọmọ yín lọ béèrè níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó dé, kó sì fi ìyẹn ṣe ti òun àti àwọn agùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àti Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kó mú yín dé Kakara níbi tí wọ́n ń gbin tíì, ọkọ̀ ń débẹ̀.