Ẹ yéé dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu, ìka ọmọ ni kẹ́ ẹ wò

Ìyá Kamal, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ ní ọmọ yín tó pé oṣù 20 kì í dáhùn tẹ́ ẹ bá pè é, àmọ́ tí ìpolówó bá dún nínú tẹlifíṣọ̀n á sáré wá, ẹ wá ní ṣé etí ni àbí ọ́tísìmù, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń jẹ́ kó ṣòro fún un láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré. Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tí bàálù bá kọjá lókè ilé wa l'Adéwọlé, àwọn ọmọ yòókù á nàka sí i, wọ́n á tún bojú wo ìyá wọn bóyá òun náà rí i. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá fẹ́ omi, ọwọ́ mi ló máa fà lọ sídìí kúlà bí ẹni mú ṣíbí, kò ní wojú mi. Á máa to ìdérí ìgò látàárọ̀, tẹ́ ẹ bá sún ẹyọ kan, ilé dàrú. Ẹ tan bulẹ́ńdà, á di etí méjèèjì. Ó ti ń pe "bàbá" tẹ́lẹ̀ o, ló bá dákẹ́. Ọmọ tó bá pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ní, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Mo kó gbogbo èyí lọ bá dókítà kan, kò tiẹ̀ wo ọmọ, ó ń kọ̀wé, ó ní ọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí n ní sùúrù. Mo padà lọ, òmíràn ní fóònù ni mò ń fún un jù. Nọ́ọ̀sì kan ní mo kẹ́ ẹ bà jẹ́, lójú gbogbo àwọn tó jókòó, mo sunkún dé Póòsì Ọ́fíìsì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí ìgbà tí ọmọ ń tètè kọ́ nǹkan jù ni wọ́n ní ká fi ṣe sùúrù.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé okùn ahọ́n rẹ̀ torí pé kò sọ̀rọ̀ o. Ìyá ọkọ mi gbé hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì, wá, àdúrà nìyẹn, mo gbà á, àmọ́ ẹni tó mú bíléèdì dé, mo lé e. Àwọn tó ń pariwo pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa ọ́tísìmù, irọ́ ni, ìwé tí dókítà Wakefield kọ ní 1998 tí wọ́n ń tọ́ka sí, Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ti fagi lé e ní 2010.

Ẹ lọ yẹ etí wò lọ́dọ̀ dókítà etí ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, torí etí míì ń gbọ́ ariwo tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ wa M-CHAT-R lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wo àmì ọ́tísìmù lára ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè 20 fún ọmọ oṣù 16 sí 30, kì í ṣe ìdájọ́ o, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde dání, kẹ́ ẹ ya fídíò ọmọ nílé. Tẹ́rápì ọ̀rọ̀, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ná.

Ẹ ò tiẹ̀ sọ, ṣé ó máa ń nàka?