Kí ni à ń pè ní ìpele ìdàgbàsókè ìrònú lórí ìwà, ìpele wo sì ni Antigone wà?

Òǹkàwé kan béèrè pé, bí a bá fi ìpele ìdàgbàsókè ìrònú lórí ìwà díwọ̀n Antigone, ẹ̀dá-ìtàn inú eré oníbànújẹ́ tí Sophocles kọ ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Kristi, ìpele wo ni ó yẹ kí a gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1958. Ó máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tí àìsàn fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀, tí kò sì rí owó ra oògùn tí ó lè gbà á là, yóò wá béèrè bóyá ó tọ́ kí ọkọ náà jí oògùn náà. Ẹni tí ó ní kí ó jí i àti ẹni tí ó ní kí ó má jí i lè wà ní ìpele kan náà, nítorí ìdí tí kálukú sọ ni Kohlberg ń fetí sí. Ìpele mẹ́fà náà ni ìbẹ̀rù ìyà, èrè ara ẹni, ojú rere àwọn tí ó súnmọ́ ni, òfin ìlú, àdéhùn àwùjọ, àti ìlànà òdodo tí ó kan gbogbo ènìyàn.

Nínú eré náà, Polyneices gbógun ti Thebes, ìlú rẹ̀, òun àti arákùnrin rẹ̀ sì pa ara wọn. Creon tí ó di ọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin Polyneices. Antigone, àbúrò òkú náà, bu erùpẹ̀ gbígbẹ lé e lórí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá a kúrò, ó padà wá bu òmíràn, ó gbé ohun èlò idẹ sókè, ó sì ta ohun mímu sílẹ̀ fún òkú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Níwájú Creon, ó ní òfin àwọn òrìṣà, tí a kò kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ga ju àṣẹ ọba lọ. Ọ̀rọ̀ ìpele kẹfà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti sọ pé òun kò fẹ́ jìyà lọ́wọ́ àwọn òrìṣà, àti pé èrè ni ikú jẹ́ fún ẹni tí ìyọnu yí ká bí òun. Nígbà tí wọ́n sì ń mú un lọ sí ihò àpáta tí yóò kú sí, ó ní òun kì bá tí ṣe é fún ọkọ tàbí ọmọ, nítorí a lè rí òmíràn, ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá òun ti kú, òun kò lè ní arákùnrin mìíràn mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan jiyàn pé kì í ṣe Sophocles ni ó kọ ìlà wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti tọ́ka sí wọn tipẹ́tipẹ́.

Ní tèmi, ìlà wọ̀nyẹn ni mo gbà gbọ́ jù lọ, nítorí kò sí ẹjọ́ tí ó tún lè jàre mọ́. Ìfẹ́ ẹbí ni ó gbé e dìde. Ìpele kẹta ni Kohlberg yóò gbé e sí. Èmi kò gbà pé ìyẹn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Carol Gilligan, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1982 pé òṣùwọ̀n yìí máa ń fi ojú kékeré wo ìrònú ẹni tí ìtọ́jú ẹlòmíràn jẹ lógún, ọ̀rọ̀ Antigone sì jẹ́ kí n rí i pé òtítọ́ ni ó sọ.

Creon ni òṣùwọ̀n náà tú sí gbangba. Òfin ìlú ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìpele kẹrin gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí Haemon ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé àwọn ará ìlú ń káàánú ọmọbìnrin náà, ó bi í bóyá ará ìlú ni yóò kọ́ òun bí a ti ń jọba. Ìgbà tí aríran Tiresias kéde àjálù tí ń bọ̀ wá sórí ilé rẹ̀ ni ẹ̀rù tó bà á tí ó fi yí ọkàn padà. Ó lọ sin Polyneices ná, kí ó tó yà sí ihò àpáta náà. Nígbà tí ó débẹ̀, Antigone ti pokùn so ara rẹ̀.