Ìrọ̀rí mélòó lo fi ń sùn?

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O bímọ ní Kaduna ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ ru nígbà tí oyún ku díẹ̀ kó pé, ẹsẹ̀ rẹ ṣì wú, o ń wúkọ́ lóru. Aládùúgbò rẹ wá ń gbé kunu oníkáún fún ọ kí omi ọyàn lè wá dáadáa, o ní ṣé kí o máa mu ún. Má mu ún mọ́. Àmọ́ kunu kọ́ ló bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ikọ́ òru yẹn ni.

Zaria ni mo bí àbíkẹ́yìn mi sí. Ìyá ọkọ mi wá láti Ọ̀yọ́ wá bá wa wẹ ọmọ, àwọn ará ilé wa tí wọ́n jẹ́ Hausa náà ò sì fi mí sílẹ̀. Láàárọ̀, kunun kanwa, ìyẹn kunu oníkáún. Lọ́sàn-án, àmàlà àti ewédú tí káún ti wọ̀ dáadáa. Lálẹ́, ọbẹ̀ ata tí Maggi inú rẹ̀ ò lóǹkà. Wọ́n ń fi omi gbígbóná jó mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹsẹ̀ mi wú dé orúnkún, wọ́n ní ara ìkúnlẹ̀ ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò lè dùbúlẹ̀ mọ́, bíi pé omi ń mù mí lórí ibùsùn. Orí àga ni mò ń sùn. Ọkọ mi rò pé ìfẹ́ ọmọ ni kò jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀!

Dókítà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ. Ó ní, “Màmá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?” Ńṣe ni mo bú sẹ́kún, torí kò sí iye ìrọ̀rí tó lè jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ mọ́. Wọ́n ya àwòrán ọkàn mi, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò: nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń kún inú rẹ̀, ìdá 28 nínú 100 péré ló ń tì jáde. Ó yẹ kó tó 55. Peripartum cardiomyopathy ni wọ́n pè é. Iṣan ọkàn ló ń rẹ̀, láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ.

Káún tí a fi ń se ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, sódíọ́mù ló kún inú rẹ̀, bíi ti iyọ̀, ó sì ń dá omi dúró sára. Ọkàn tó ti rẹ̀ ò lè ru ẹrù omi yẹn. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ̀wé nípa káún àti omi gbígbóná àwọn ìyá ìkókó. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé oúnjẹ ìyá ọkọ mi ló ba iṣan ọkàn mi jẹ́. Àìsàn yìí ń mú obìnrin tí kò fẹnu kan kunu rí, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sì wà lára ohun tó ń ṣínà fún un.

Oògùn ló gbà mí, oúnjẹ ràn án lọ́wọ́. Mo pa káún àti Maggi tì, mo fi irú tí kò níyọ̀, àlùbọ́sà àti ata dípò. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹnu mi dà bíi páálí. Mò ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀: bí mo bá fi kílò méjì sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, ilé ìwòsàn yá. Ó tó oṣù mẹ́wàá kí ẹ́kò mi tó padà sí 54. Wọ́n kìlọ̀ oyún míì fún mi, mo sì gbọ́.

Lónìí yìí ni kí o lọ, má dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mú káàdì oyún rẹ dání. Kó o tó sọ ti ẹsẹ̀, sọ fún wọn pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ru nínú oyún, àti pé o ń wúkọ́ bí o bá dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ní ibà ni, ní kí wọ́n ṣe ẹ́kò.