Owó Ṣọ́ọ̀bù Pé, Síbẹ̀ N Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 36 ni mí, mo sì ti bímọ méjì. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ṣe fìrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ṣì wà, tí mo ń gba owó òòjọ́. Mo kọ́kọ́ sọ pé ìgbà tí owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan bá pé lọ́wọ́ mi ni n óò dá dúró. Owó náà pé ní èṣí, ni mo bá tún rò ó pé kí n mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ yà, dáadáa ná, nítorí pé oníko, èyí tí a ń fi ìko dì, ni ọwọ́ mi yá sí jù. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti ń ta tiwọn. Ṣé sùúrù ni mo ń ní ni, àbí ẹ̀rù ni ó ń bà mí? Aláró, Adátán, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù ń bà yín, arábìnrin mi, lẹ́tà yín fúnra rẹ̀ ni ó sì fi hàn mí. Ẹni tí ó ń ní sùúrù mọ ohun tí òun ń dúró dè, bí ohun náà bá sì dé, yóò dìde. Ẹ̀yin dúró de owó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí owó pé, ẹ tún wá ohun mìíràn tí ẹ ó máa dúró dè. Bí ẹ bá mọ ẹlẹ́kọ tán lọ́la, mo bẹ̀rù pé ẹ ó tún rí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò èlú kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó ń di aró lójú wa, a ó sì tún rì í, a ó tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí a ti ń fẹ́. Aláró tí ó bá ní kí aṣọ dúdú tán nínú ìkòkò kí òun tó yọ ọ́ yóò dúró títí ni. Ọwọ́ yín ti pẹ́ nínú ìkòkò ọ̀gá yín. Iye tí ó yẹ kí ẹ dá lé aṣọ, ohun tí ẹ ó sọ fún oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ṣí, irú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò tìtorí rẹ̀ padà wá, gbogbo ìwọ̀nyí kò ṣeé kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá yín ru ẹrù rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta yìí náà ni àlùfáà Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859. Àwọn tí ó lè ka Yorùbá nígbà náà kò pọ̀, bí a ó ti máa kọ èdè náà gan-an kò sì tíì fìdí múlẹ̀. Ọdún 1875 ni CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere tí Townsend wà nínú rẹ̀, tó ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó. Ìwé ìròyìn náà ti kógbá sílé ní 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n dúró de àkọtọ́ ni, a kì bá tí rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń fi Yorùbá kọ ojú ìwé yìí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré.

Nítorí náà, ẹ fi oníko bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún péré, kí ẹ fi ìko dì í ní ilé yín ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó ṣọ́ọ̀bù yẹn rárá. Ẹlẹ́kọ kò ní sá lọ. Ẹ lè máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí àkísà ní alẹ́ nígbà tí oníko bá ń mówó wọlé. Bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ ni a fi ń ṣẹbọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò ní gbà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn. Sódà tí a ń pò mọ́ aró máa ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ po ó nílé tí ọmọ méjì wà láìní ìbọ̀wọ́ àti ibi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Ẹ má sì yá owó èlé. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ìbọ̀wọ́ ni ó dá yín dúró, n óò ní kí ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ni ó kù, ó sì wúwo lọ́kàn mi, nítorí pé mo ti rí ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń pa aró ní ìkọ̀kọ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó ra aṣọ, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ kò ní fa oníbàárà wọn. Ìyá tí ó ti ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún yín láti ọdún mẹ́rin lè ti máa ṣe kàyéfì ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ gbé aṣọ àkọ́kọ́ náà lọ hàn wọ́n kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi nígbà tí ẹ bá ti gba owó rẹ̀, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba.