Mọ́tò Bàbá Àgbà: Ẹ Má Tún Un Ṣe Bàjẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmú-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá tó bí bàbá mi, tísà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ra Morris Minor kan lọ́dún 1964, èyí tí wọ́n máa ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà. Bàbá mi lò ó títí, wọ́n wá gbé e sí gáréèjì, nígbà tí wọ́n sì kú, ẹbí ní kí n máa mú un torí èmi ni mò ń bá wọn fọ̀ ọ́ láti kékeré. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé kí n yọ ẹ́ńjìnnì, kí n fi ti Toyota sí i, kí n gbé sítíárìn bọ́ sósì, kí n kùn ún ní pupa. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Tísà, Ọmú-Àrán)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má gbà fún wọn rárá. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ kó máa rìn dáadáa ni, ṣùgbọ́n mọ́tò tó ṣì wà bó ṣe jáde ní kọ́ńpìnnì, tí wọ́n bá ti yí i padà báyìí, kò sí mẹkáníìkì tó lè dá a padà fún ẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn yẹn gan-an ló dùn mí jù. Apá òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń wakọ̀ sí tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìgbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ní ká bọ́ sápá ọ̀tún, bàbá àgbà sì ti ń wa mọ́tò yẹn kiri kó tó dìgbà yẹn. Kódà Kwara gan-an ò tíì sí, 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọmú-Àrán wà nígbà tí wọ́n rà á. Torí náà sítíárìn ọ̀tún yẹn, nọ́ńbà àtijọ́ ẹ̀, ìwé lánsẹ́ẹ̀sì tó ti pọ́n, ìtàn ẹbí yín ni gbogbo ẹ̀, má sọ ìkankan nù. Ṣùgbọ́n kó o tó gbé e jáde sí títì o, lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí wọ́n sọ ohun tí òfin wí lórí sítíárìn ọ̀tún fún ẹ.

Ti ẹ́ńjìnnì, jọ̀ọ́ fi Toyota sílẹ̀. Bíréèkì kékeré onídúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Morris yẹn, tó o bá wá fi ẹ́ńjìnnì alágbára sí i, kí ló máa dá a dúró ní gẹ̀rẹ́? Ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, 1098cc, kò ṣòro láti tún ṣe rárá, àwọn òyìnbó ṣe ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ Morris Minor lọ, wọ́n ṣì ń ta sípíà pátì ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ohun tó ń ba mọ́tò yìí jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Púlọ́ọ̀sì bátìrì ẹ̀ ni kọ́ńpìnnì so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe máínọ́ọ̀sì bíi ti ìsinyìí, torí náà kí rìwáyà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ní kó wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà. Epo bíréèkì náà ńkọ́? Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí títí, wọn ò ní rí i, torí abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ló wà. Ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, wàá rí ọmọrí kékeré kan nínú ilẹ̀ mọ́tò, ibẹ̀ ni.

Níbi tó yẹ kó o náwó sí gan-an ni abẹ́ ẹ̀. Mọ́tò tí ò ní òrùlé irin, irin tó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọjá àti ilẹ̀ ẹ̀ ló gbé e dúró. Tí òjò bá ń gba òrùlé wọlé, tí omi sì dúró sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á dógùn-ún, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì kó o tì í, tó bá ń ha bọ́dì, ó ti ń tẹ̀ nìyẹn. Má jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì-bítà fi pọ́tì dí i o, kó fi irin tuntun jó o, àmọ́ kó tó gé èyí tó ti bàjẹ́, kó kọ́kọ́ fi irin de ẹnu ilẹ̀kùn, kó sì fi nǹkan gbé abẹ́ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́dì á wọ́.

Òrùlé ẹ̀, má ká a nígbà tó bá tutù. Ta ló ń ká aṣọ òkè tútù sínú àpótí? Á bu ni. Tó bá wà ní gáréèjì, jẹ́ kó wà ní títa, fi aṣọ òwú bò ó, má fi tapólì bò ó, ooru á máa yọ omi sábẹ́ ẹ̀. Ti ọ̀dà pupa yẹn, fi jẹ́ẹ́jẹ́ pọ́líìṣì èyí tó wà níbẹ̀ ná.

Kó o tó ṣe gbogbo eléyìí ṣá, pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ jọ níwájú àgbà ilé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ẹ ló wà àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á láìjẹ́ pé gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ogún tí ò níwèé ló ń dìjà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan fẹ́ ta irú Morris aláìlórùlé yìí fún mi, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n gé orí ẹ̀? (Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wá pálí irin kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ṣáásí sí. Tó bá jẹ́ ti àsìkò ẹ́ńjìnnì 1098cc, bíi ti Ọmọ Tísà lókè yẹn, MAT ló máa fi bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ ojúlówó. Tó o bá rí MA2S, onílẹ̀kùn méjì tó lórùlé ni kọ́ńpìnnì ṣe, ẹnì kan ló fi ayùn gé e lẹ́yìn náà, kò sì ní irin tó ń gbé bọ́dì dúró nísàlẹ̀ bíi ti ojúlówó. Lẹ́yìn 1969 wọn ò ṣe aláìlórùlé mọ́, nítorí náà tí ìwé ẹ̀ bá ní 1970 ni kọ́ńpìnnì ṣe é, má sanwó.