Alfa, kí ni "zimnin" inú ìwé Dáníẹ́lì, ṣé ó kan ìrun wa?

Ìbéèrè: Salaamu alaekun Alfa. Kìrìsìtẹ́nì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ka Dáníẹ́lì 7:25 sí mi létí, pé ọba kan máa fẹ́ yí àkókò àti òfin padà, ó ní "zimnin" ni wọ́n pe àkókò yẹn. Ṣé ó kàn wá? Torí tíṣẹ́ bá ti pọ̀, alẹ́ ni mo máa ń kó Àyìlà àti Alásàrí jọ sí.

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam. Èdè Árámáíkì ni, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ apá kan ìwé Dáníẹ́lì, ẹbí kan náà ni òun àti "zamaan" tiwa nínú Lárúbáwá. Àkókò tí wọ́n ti dá fún nǹkan ni. Nínú orí 6 ìwé yẹn, ọba ṣòfin pé fún 30 ọjọ́ òun nìkan ni kí wọ́n máa bẹ̀, síbẹ̀ Dáníẹ́lì ń kúnlẹ̀ ní zimnin mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lò, orí 2 sì ti sọ pé Ọlọ́hun ló ń yí zimnin padà, ẹ ti wá rí i pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni ọba orí 7 ń dù.

Kùránì ò dárúkọ Dáníẹ́lì o, ohun táwọn oní-tírà, ìyẹn àwọn Júù àtàwọn Kìrìsìtẹ́nì, bá sì sọ bẹ́ẹ̀, Ànábì ní ká má pè é lóòótọ́, ká má pè é nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka Suratu Taoba aaya 37. Àwọn Lárúbáwá ayé ìgbà yẹn máa ń sún oṣù ọ̀wọ̀, ìyẹn oṣù tí ogun jẹ́ èèwọ̀, kí wọ́n lè ráyè jagun, wọ́n á sọ Muharram di Safar, Ọlọ́hun ní àlékún àìgbàgbọ́ nìyẹn. Nígbà tí Ànábì wá ṣe hajj ìdágbére lọ́dún 10 hijra, ó ní zamaan ti yí padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Ọlọ́hun dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Zamaan náà ló pè é! Orí mi máa ń wú tí mo bá dé ibẹ̀.

Ìrun yín ńkọ́? Suratu Nisai 103 ní ọ̀ranyàn tó ní àkókò ni. Onírìn-àjò lè kó Àyìlà àti Alásàrí pọ̀, àmọ́ kóòrùn tó wọ̀ ni, kì í ṣe alẹ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í sì í ṣe ìrìn-àjò. Raka 4 ò gba ìṣẹ́jú 10, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́. Àwọn tẹ́ ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, ẹ tuuba, kẹ́ ẹ máa san wọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.