Lógò mi ń dàrú tó bá dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ya lógò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, mo sì fi SVG rẹ̀ (irú fáìlì àwòrán kan) ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ṣómólú tó ń lo Illustrator, ètò ìyàwòrán mìíràn. Ínṣì 3 ni mo yà á, ínṣì 4 ló bá a. Nígbà tó dín in kù, àwọn ìlà rẹ̀ nípọn ju bí mo ṣe fà wọ́n lọ. Àmì ohùn orí "Ìrẹ́pọ̀" náà sì ṣí kúrò nípò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti lẹ́tà, torí òun ló ń dùn mí jù. Orúkọ fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà, ni fáìlì yín gbé lọ, kò gbé ìrísí lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ǹtì yẹn á fi òmíràn dípò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń yè é, àmọ́ èdè tiwa ló ń jìyà. Ì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ọ̀ kò ní: lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ iṣẹ́ yìí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: nínú Inkscape, ẹ yàn án, ẹ tẹ Ctrl+Shift+C. Ctrl+Q ni ti àwọn tó ń lo ètò CorelDRAW. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe é sí o! Tó bá ti di àwòrán, ẹ kò lè tún sípẹ́lì rẹ̀ tẹ̀ mọ́.

Ní ti ìwọ̀n, Inkscape ń ka píksẹ́lì (ẹyọ ìwọ̀n àwòrán lórí kọ̀ǹpútà) 96 sí ínṣì kan, Illustrator ń ka 72. Píksẹ́lì 288 tó jẹ́ ínṣì 3 lọ́dọ̀ yín di ínṣì 4 lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ìlà ti wá: bí atẹ̀wé kò bá tan Scale Strokes & Effects nínú Illustrator, èyí tó ń jẹ́ kí ìlà kéré pẹ̀lú àwòrán, kó tó dín in kù, àwòrán á kéré, ìlà á dúró bó ṣe wà. Lórí ẹ̀dà yẹn kan náà, ẹ yan àwọn ìlà, ẹ tẹ Ctrl+Alt+C kí ìlà náà lè di àwòrán, kó sì máa kéré pẹ̀lú ìyókù.

Èmi kì í fi SVG ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Fáìlì PDF ni, torí ìwọ̀n gidi ló ń gbé lọ. Mo tún máa ń ya igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba ínṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lógò. Ẹ ní kí atẹ̀wé fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí bébà àkọ́kọ́. Bí kò bá pé ínṣì kan géérégé, kó dúró, kó pè yín.